Agbaṣẹ́ṣe Ilé ní Ìkòròdú: Ìwé Àṣẹ àti Ìnṣọ́ránsì tó Gbọ́dọ̀ Pé kí Ṣọ́bìrì Tó Kan Ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ bíríkìlà tó mọṣẹ́ dunjú ni iṣẹ́ ńlá ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòròdú. Kì í ṣe pé wọn ò lè mọ ògiri tó gún, ìwé wọn ni kò pé. Oníbàárà á pè wọ́n láti Ìgbógbó tàbí Ágíríìkì pé kí wọ́n wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Wọ́n á dúnàá dúrà, wọ́n á fẹnu kò, àfi ìgbà tí báńkì oníbàárà bá ní kí wọ́n kó ìwé ilé-iṣẹ́ wọn wá. Àwọn míì gba iṣẹ́ náà láìsí ìwé, wọ́n ṣe é dé orí dẹ́kìn kìíní, làwọn òṣìṣẹ́ LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, bá dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí pákó já lu lébìrà rẹ̀, tó wá rí i lọ́jọ́ náà pé ìnṣọ́ránsì tí òun fi owó gidi rà kò bo òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ohun kan yé wa kí á tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé kan ṣoṣo ní Nàìjíríà tí wọ́n máa fún èèyàn tó máa sọ pé ó ti di agbaṣẹ́ṣe ilé. Ìwé bíi mélòó kan ló ń para pọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń fúnni. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbeni ni pé kí orúkọ, ilẹ̀ àti ọjọ́ inú gbogbo wọn bára mu. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí wọn ò bára mu kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tí kò ní.

Ohun tí ẹ máa kó jọ ná

- NIN yín àti ti ẹnikẹ́ni tó bá máa bá yín ṣe dáírẹ́kítọ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì tó ní nọ́ńbà ilé. "Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, Òwútù" kì í ṣe àdírẹ́sì.
- Sọ́fè ilẹ̀ oníbàárà àti ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀.
- Àwòrán ilé náà: ti ayàwòrán ilé, ti ẹnjiníà tó ṣírò irin àti kọnkéré, àti ti iná pẹ̀lú omi.
- Ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti oníbàárà fọwọ́ sí, tí iye owó iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, tó sì sọ ẹni tó máa ra ìnṣọ́ránsì.
- Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ohun tí ẹ ń san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó ń gba ojúmọ́ àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.
- Ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san owó orí, tiyín àti ti oníbàárà.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ti owó orí. Òun ló máa ń dá gbogbo ìyókù dúró.

Ìpele 1: Ẹ mọ ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà

Ẹni tí kò gbé apá ibí lè rò pé ìbéèrè yìí kò nílárí. Àmọ́ téèyàn bá ti gba Òdógunyán jáde sí ọ̀nà Ṣágámù, kò ní pẹ́ dé Ògìjo, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ni Ògìjo. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ a máa pe ibẹ̀ ní Ìkòròdú nítorí kí ọjà lè yá. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí ìjọba Èkó fúnni kò ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ Ògùn, ìjọba Ògùn ni ẹ máa lọ bá.

Ẹ wo orí sọ́fè. Wọ́n á kọ ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé kò dájú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ sọ̀féyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀, kí ó yẹ àwọn nọ́ńbà ààlà ilẹ̀ náà wò.

Ẹ ṣọ́ra: rìsíìtì ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Yálà ẹ wà lábẹ́ Ìkòròdú fúnra rẹ̀, tàbí Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Báyékù, Ìjẹdẹ̀ tàbí Ìmọ̀tà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní àṣẹ láti kọ́lé. Owó tí ẹ san fún ọmọ onílẹ̀ kò sì sọ iṣẹ́ di èyí tó bófin mu. Òfin ààbò dúkìá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 ka fífi agídí gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àyẹ̀wò: ṣé ẹ lè fi ìka tọ́ orúkọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lórí sọ́fè, kí ó sì bá ibi tí ẹ dúró sí lórí ilẹ̀ náà mu? Ó ti tán níbẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC

CAC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà tó wọ́pọ̀: orúkọ òwò lásán, tàbí ilé-iṣẹ́ tó ní "Ltd" lẹ́yìn. Orúkọ òwò kò wọ́n, àmọ́ gbèsè òwò náà gbèsè yín ni. Bí ilé bá wó, tí ilé-ẹjọ́ sì ní kí ẹ sanwó, ilé tí ẹ ń gbé àti mọ́tò yín wà nínú ewu. Ltd ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láti ìgbà tí CAMA 2020, òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́, ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, 100,000 náírà sì ni owó ìpín tó kéré jù fún irú ilé-iṣẹ́ aládàáni bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà máa ṣe, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ìkọ́lé hàn gbangba.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Èkíní, àwọn tó ń bá èèyàn ṣe é ní káfè a máa fi nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tiwọn forúkọ sílẹ̀. Tó bá di ọdún kejì tí ẹ fẹ́ ṣe nǹkan sí i, ẹ ò ní lè wọlé. Nọ́ńbà yín àti ímeèlì yín ni kí wọ́n lò, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Èkejì, ọdọọdún ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdún ránṣẹ́ sí CAC. Ọ̀pọ̀ ló forúkọ sílẹ̀ tán tí wọn ò padà síbẹ̀ mọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ lọ sí ojú ìwé CAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ayé ti lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹ tẹ orúkọ yín. Bí ẹ bá rí ACTIVE lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dáa. Bí ó bá jẹ́ INACTIVE, ìròyìn ọdún ni ẹ jẹ, ibẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ báńkì máa kọ́kọ́ wò kó tó pè yín padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àkáǹtì báńkì ní orúkọ yẹn gan-an, lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ "Ventures" tí èkejì sì jẹ́ "Construction Ltd", ilé-iṣẹ́ méjì ni wọ́n lójú òfin.

Ìpele 3: Orúkọ ẹni tó gba òǹtẹ̀

Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́lé jẹ́ ohun iyì, ṣùgbọ́n ìjọba ń béèrè ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ tí òfin dá sílẹ̀. CORBON ló ń forúkọ àwọn kọ́lékọ́lé sílẹ̀, COREN ló ń ṣe ti àwọn ẹnjiníà, ARCON ló ń ṣe ti àwọn ayàwòrán ilé. Bí ẹ kò bá sí nínú èyíkéyìí, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ gba ẹni tó wà níbẹ̀ síṣẹ́, tàbí kí ẹ bá a dòwò pọ̀, kí ó kọ lẹ́tà pé òun lòun máa bójú tó iṣẹ́ náà.

Ẹ má yá òǹtẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ó wọ́pọ̀: ẹnì kan á gbowó, á lu òǹtẹ̀ sórí àwòrán, kò sì ní yọjú sí sáìtì rárá. Kò sí ẹni tó máa sọ fún yín pé irin tí ẹ fi sínú òpó kéré sí ti inú àwòrán. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ pé ẹ dá wà. Ẹ san owó rẹ̀ fún un bó ṣe yẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń da kọnkéré ìpìlẹ̀, òpó àti dẹ́kìn.

Àyẹ̀wò: ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí òǹtẹ̀ wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ẹ bi í léèrè pé kí ó fi ìwé àṣẹ ti ọdún yìí hàn yín.

Ìpele 4: Ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, ni ìwé àṣẹ ti ń jáde. Oníbàárà ló ń béèrè fún un, ó sábà máa ń gba ọwọ́ ayàwòrán ilé tàbí àwọn tó mọ ètò ìlú. Ojúṣe tiyín ni pé kí ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ kí ìwé náà tó dé, kí LASBCA sì tó fún yín ní àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀kan kò dípò èkejì.

Àṣìṣe tó ń kó èèyàn sí wàhálà jù níbí ni rìsíìtì. Oníbàárà á na rìsíìtì owó tó san sí yín, á ní "ó ti jáde". Owó ló jáde lápò rẹ̀, ìwé àṣẹ kò tíì jáde. Ẹ béèrè ìwé tó ní nọ́ńbà àṣẹ, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lórí gbogbo ojú ewé.

Fún ilẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà, bíi Májídùn, Ìbẹ̀ṣè àti Báyékù, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n ṣì yín lọ́nà pé àyẹ̀wò ilẹ̀ kò pọn dandan. Omi ò jìnnà sílẹ̀ lápá ibẹ̀, ìpìlẹ̀ tó gbé ilé ró ní Sábó lè má gbé e ró níbẹ̀.

Oníbàárà míì á gba àṣẹ alájà méjì, tó bá wá kù díẹ̀ kí ẹ kan òrùlé, á ní "ẹ bá mi fi ọ̀kan kún un". Ẹ kọ̀. Ẹ ní kí ó lọ gba àṣẹ tuntun, kí ẹnjiníà tún ìpìlẹ̀ ṣírò. Yàtọ̀ sí pé ilé lè wó, alájà tí kò sí nínú àṣẹ máa fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní ìdí láti má sanwó.

Àyẹ̀wò: iye alájà inú ìwé àṣẹ, inú ìwé àdéhùn àti inú àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Kí nọ́ńbà àṣẹ wà lórí pátákó iwájú sáìtì.

Ìpele 5: Ààbò òṣìṣẹ́

NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, lẹ máa forúkọ sílẹ̀ sí, lábẹ́ òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ọdún 2010. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ lóṣù ni ẹ máa san síbẹ̀. Bí owó òṣìṣẹ́ yín lóṣù bá jẹ́ 2,000,000 náírà, 20,000 náírà ni. Ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn.

"Ojúmọ́ ló ń gbà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi." Gbólóhùn yìí ti pa àwọn lébìrà lára púpọ̀. Òfin náà ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà fún ìgbà díẹ̀ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, yálà ẹ kọ̀wé sílẹ̀ tàbí ẹnu lẹ fi bá wọn sọ ọ́. Ọmọkùnrin tó ń ru búlọ́ọ̀kù gun àkàbà láti àárọ̀ ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú fóómàànù. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá fara pa, òfin fún un ní ọjọ́ 14 láti sọ fún yín, ó sì fún ẹ̀yin ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹ má dúró dìgbà tí egungun bá jinná.

Owó ìfẹ̀yìntì di dandan bí òṣìṣẹ́ bá pé 15: ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ yín, ìdá 8 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí tó tó owó ọdún mẹ́ta ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Owó ITF, àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, wà fún ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó 50,000,000 náírà.

Àyẹ̀wò: ìwé ẹ̀rí NSITF gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọdún yìí, ní orúkọ kan náà tó wà ní CAC.

Ìpele 6: Ìnṣọ́ránsì iṣẹ́ ìkọ́lé

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, nítorí ibí ni owó ti ń ṣòfò jù.

Òfin ìbánigbófò ọdún 2003, ní abala 64, ló sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó ju alájà méjì lọ gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ránsì tó máa sanwó bí àìbìkítà òun tàbí ti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ṣe òṣìṣẹ́ tàbí ará ìta léṣe, tó pa wọ́n, tàbí tó ba dúkìá wọn jẹ́. Òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ní 2025 kò mú dandan náà kúrò. Ohun tí àwọn aṣojú máa fi lọ̀ yín ni Contractors All Risks, CAR ni wọ́n ń pè é. Apá méjì ló ní. Èkíní ń bo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ iná, àgbàrá, olè àti ìwólulẹ̀. Èkejì ń bo ará ìta tí iṣẹ́ yín bá pa lára. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín, kò bo gbogbo nǹkan. Ẹ mú bírò, kí ẹ sì wo ìwọ̀nyí nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó:

Òṣìṣẹ́ yín. Apá kejì CAR sábà máa ń yọ òṣìṣẹ́ yín sílẹ̀, ará ìta nìkan ló wà fún. Òfin sì dárúkọ òṣìṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ti òṣìṣẹ́ kún un ní kíkọ sílẹ̀. NSITF kò dípò rẹ̀, CAR náà kò dípò NSITF.

Iye owó. Kì í ṣe owó tí ẹ gbà nìkan ni ẹ máa kọ, ẹ fi ti ohun èlò tí oníbàárà fúnra rẹ̀ rà kún un. Ká ní àdéhùn yín jẹ́ 80,000,000 náírà, oníbàárà sì ra irin àti sìmẹ́ńtì 50,000,000 lọ́tọ̀. 130,000,000 ni iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá kọ 80,000,000 péré, tí àdánù 13,000,000 sì ṣẹlẹ̀, 8,000,000 ni wọ́n máa fi ìṣirò gbé fún yín, wọ́n á sì tún yọ iye tí ẹ ti gbà pé ẹ máa fara mọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Fẹ́ǹsì aládùúgbò. Ilé fẹ̀gbẹ́ tira wọn ní Ìkòròdú, pàápàá láwọn àdúgbò tó ti dàgbà. Ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn, òjò rọ̀ mọ́jú, fẹ́ǹsì aládùúgbò wó sínú kòtò yín. Ọ̀pọ̀ CAR yọ irú èyí sílẹ̀: wọ́n kì í sanwó fún ohun tí ìmìtìtì ẹ̀rọ bà jẹ́ tàbí ohun tó wó nítorí ilẹ̀ tó gbé e dúró ti kúrò, àfi bí ẹ bá san owó díẹ̀ kún un kí wọ́n fi í sínú ìwé. Ẹ san án. Kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ògiri àti fẹ́ǹsì tó yí yín ká kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, níṣojú aládùúgbò, kí ẹ̀là tó ti wà tẹ́lẹ̀ má bàa di tiyín.

Àṣìṣe àwòrán. Bí ilé bá wó torí pé ẹnjiníà ṣì í ṣírò, CAR sábà máa ń yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹnjiníà náà ní ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré àti àwọn irin àkàbà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye wọn.

Ọjọ́. Owó oníbàárà lè tán láàárín méjì, kí sáìtì sì dákẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ìnṣọ́ránsì a máa yọ àdánù tó wá látinú ìdádúró iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dúró, ẹ kọ̀wé sí wọn. Bí ọjọ́ bá sì ń lọ tán, ẹ sún un síwájú kó tó parí.

Ẹ ṣọ́ra: owó ìnṣọ́ránsì tí ẹ kò tíì san, ẹ kò ní ìnṣọ́ránsì. Ohun tí òfin sọ nìyẹn, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, sì ti ń tẹ̀ lé e láti oṣù kìíní ọdún 2013. Bùrókà tó ní "ẹ gba ìwé lọ ná, ẹ máa san tó bá yá" kò ṣe yín lóore kankan.

Àyẹ̀wò: ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí NAICOM fún láṣẹ. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí nípasẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ pè, ẹ má pe èyí tí wọ́n kọ sórí ìwé tí wọ́n gbé fún yín. Ẹ ka nọ́ńbà ìwé yín sí wọn létí, kí wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín, àdírẹ́sì sáìtì, iye alájà àti ọjọ́ tó máa parí. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un tẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìpele 7: Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ

Ẹ̀dà gbogbo ìwé gbọ́dọ̀ wà ní sáìtì, kì í ṣe nílé yín. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá dé kò ní dúró kí ẹ tó ti Èbúté dé.

Ẹ máa pe LASBCA ní ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Irin tí kọnkéré ti bò kò ṣeé yẹ̀ wò mọ́. Ẹ mú búlọ́ọ̀kù kéékèèké kọnkéré tí ẹ dà sínú móòdù 150 mm nígbà tí ẹ bá ń da dẹ́kìn, kí ilé àyẹ̀wò ohun èlò ti ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Òjódú fọ́ wọn wò lọ́jọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Èsì rẹ̀ ló máa gbè yín bí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ́la pé sìmẹ́ńtì yín kéré.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbé ẹni tó fara pa lọ sílé ìwòsàn, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ má sì gbé ohunkóhun kúrò àfi tó bá léwu. Ẹ fi tó ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì létí lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ CAR ló fún èèyàn ní ọjọ́ 14, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò ní dá yín lóhùn. Ẹ má ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n tó wá wò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ ìjọba máa fi ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ọjà rírà ti ìpínlẹ̀ Èkó kún èyí. Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, BPP, àjọ tó ń rí sí ọjà rírà tiwọn, ni, wọ́n á sì béèrè ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, ti owó ìfẹ̀yìntì, ITF àti NSITF. Bí ẹ bá ti ṣe ìpele 2 àti 5 dáadáa, ìyẹn kò ní yọ yín lẹ́nu.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: kí oníbàárà tó kó wọlé, kí LASBCA ti fún un ní ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí àti pé ilé náà ṣeé gbé. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín sínú fáìlì, kí ẹ sì wò ó bóyá CAR yín ṣì bo oṣù àtúnṣe tí ẹ ṣèlérí nínú àdéhùn. Bí kò bá bò ó, ẹ ra iye oṣù tó kù kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.